Ojú Honorátù Lára Òkúta

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tó bá ra pósí nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ń jẹ ẹran, ikú kọ́ ló ń rò. Ara rẹ̀ ló ń rò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Honorátù, oníṣòwò òróró ólífì ní ìlú Róòmù, láyé ìgbà tí àwọn ọba ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọlẹ́yìn Kristi, tí gbogbo ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa kí òun dáadáa lójú títì sì ń tẹ̀lé wọn wọ omi ìrìbọmi.

Ṣùgbọ́n ká má fi í rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ méjì ló bí, ó sì sin àwọn méjèèjì. Ikọ́ kan ti bá a jókòó láti ìgbà òtútù, kò sì fẹ́ dìde ńlẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ẹrú ni. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí Honorátù bá kú, kò tún ní sí imú kan láyé tó jọ imú rẹ̀ mọ́, àfi èyí tó bá wà lára òkúta.

Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi máa ń já nígbàkigbà tó bá wọ ìsọ̀ Sótíkù agbẹ́kúta. Àṣà wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n ti gbẹ́ pósí òkúta sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé: Jónà tó sùn sábẹ́ ìtàkùn, Dáníẹ́lì láàárín kìnnìún, olùṣọ́-àgùntàn tó gbé àgùntàn kọ́rùn. Àárín gbùngbùn iwájú rẹ̀ ni tọkọtaya máa ń wà. Aṣọ wọn á pé, ìka wọn á pé, ṣùgbọ́n orí wọn á rí rìbìtì, kò lójú, kò nímú, bí ìṣù búrẹ́dì tí kò tíì wọ ààrò, títí ẹni tó rà á yóò fi wá jókòó kí wọ́n wò ó gbẹ́. Ọ̀pọ̀ olówó ló ti kú kí wọ́n tó ráyè jókòó. Àwọn ará ilé á kánjú, wọ́n á sì sin olúwarẹ̀ tòun ti ìṣù lọ́rùn.

Honorátù ní tiẹ̀ ráyè. Ó jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ dẹ ojú yín sílẹ̀," Sótíkù ní. "Ẹ le koko bí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀."

"Irun mi ńkọ́? Fi díẹ̀ kún un níwájú."

"Mo ti fi kún un. Bí mo bá tún fi kún un, a ò ní mọ èwo ni yín, a ò ní mọ èwo ni kìnnìún Dáníẹ́lì."

"Olùṣọ́-àgùntàn yìí, ṣé onígbàgbọ́ ni?"

"Bàbá mi gbẹ́ ẹ fún àwọn abọ̀rìṣà, èmi ń gbẹ́ ẹ fún yín. Àgùntàn ò tíì ṣàròyé."

Ó wá kọjú sí Seferína, ìyàwó Honorátù, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń ran òwú. "Ìyá, ó kàn yín."

"Fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Seferína!" ni ọkọ ké. "Ṣé orí ìṣù lo fẹ́ gbé wọ ayé àìnípẹ̀kun?"

"Ẹni tó dá mi ò ní béèrè ta ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé kò ní dá yín mọ̀, ẹ jókòó dáadáa, olówó orí mi."

Honorátù fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ikọ́ gbá a mú, ó sì mì ín jìgìjìgì. Sótíkù gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀. Nígbà tó tún mú irin, ó gbẹ́ kíákíá.

Pósí tó lẹ́wà kò tó. Ibi tí wọn yóò gbé e sí ló kù. Ẹ̀gbẹ́ ajẹ́rìíkú kan tí wọ́n pa nítorí Kristi ni gbogbo olówó Róòmù fẹ́ sùn sí, ẹni tí egungun rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lẹ́yìn odi ìlú. Díákónì Astẹríù ló mú Honorátù wọlé. Inú ilé òrìṣà oríṣiríṣi ni wọ́n ti tú àwọn òpó wá: ọ̀kan sanra, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọnà orí wọn ò bára mu, wọ́n sì tò wọ́n sí ìlà méjì bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Honorátù ń wòkè títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Arákùnrin Astẹríù, níbo ni wọ́n tẹ́ òkú Sẹ́nétọ̀ Kálídíù sí?"

"Ó sinmi lẹ́bàá pẹpẹ."

"Ṣé mo lè sún mọ́ ajẹ́rìíkú jù ú lọ?"

Díákónì fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Àtùpà ibí yìí mà ń mu òróró o, arákùnrin."

"Ẹ jẹ́ kó máa mu. Mo fi oko ólífì mi sílẹ̀ fún ìjọ."

"Á jẹ́ pé ẹ ó sún mọ́ ọn jù ú lọ."

Honorátù ò béèrè nǹkan mìíràn. Kí ló fẹ́ béèrè? Ẹ̀bá títì ni àwọn bàbá ńlá ará Róòmù ń tẹ́ òkú wọn sí, ojú ère á kọ sí ojú ọ̀nà, kí arìnrìn-àjò lè dúró, kó pe orúkọ, kó tó máa lọ. Bó ṣe mọ òkú sí nìyẹn. Lójú tirẹ̀, òrùlé lásán ni ṣọ́ọ̀ṣì fi kún títì.

Lọ́jọ́ tí màlúù wọ́ pósí náà dé, òun ló rìn níwájú. Àwọn èèyàn ń dúró wò ó, wọ́n ń wo ojú tòkúta, wọ́n ń wo tẹran ara, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan ní tòkúta gan-an ló jọ ọ́ jù. Omi bọ́ lójú Honorátù.

Nígbà tí wọ́n wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí òkúta ilẹ̀ níwájú ibojì ajẹ́rìíkú. Kòtò jíjìn kan lanu sílẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Astẹríù ní. "Tiyín ni."

"Tèmi? Nínú kòtò? Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú yín á wà lára rẹ̀, arákùnrin. Ta ló fẹ́ yọ ọ́?"

"Pósí Kálídíù dà? Ṣebí ẹ ní ẹ̀bá pẹpẹ ló wà!"

"Òun lẹ dúró lé yẹn."

Honorátù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo àwọn tó sún mọ́ ajẹ́rìíkú wà, ojú wọn kọ sí iyẹ̀pẹ̀.