Èébú Tí Ọkọ Mi Kò Gbà

Séidou ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í pè é. Àbúrò olóògbé ọkọ mi ni, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tọrọ irúgbìn ẹ̀wà ewúrẹ́, èyí tí à ń gbìn fún ẹran jẹ, lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìdìgní níbí, nítorí tèmi kì í tanná kí òjò tó lọ. Ewé ni ṣáá. Ewúrẹ́ á jẹ ewé tán, n kò ní rí hóró kan tún gbìn. Á wá bu ìkúnwọ́ kan fún mi lójú gbogbo agbo ilé.

"Ìyàwó wa, ọwọ́ rẹ ò mọ ẹ̀wà."

Lọ́dún yìí ni Fidèle, ọmọ Fọ̀n tó ń kọ́ àwa àgbẹ̀, gbé ìyẹ̀fun dúdú kan àti ìgò oògùn kan wá fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ wí pé ebu ni ìyẹ̀fun náà, bí irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì, pé ó ń bá gbòǹgbò wá oúnjẹ. Ahọ́n rẹ̀ gba ibòmíràn lọ.

"Ẹ fi èébú yìí pa irúgbìn lára," ó ní. "Èébú dára fún un. Bí ó bá hù tán, ìdérí ìgò kan péré nínú pọ́ǹpù omi kan, kí ẹ fín in sí ewé, á tètè tanná."

Séidou dìde. "Èmi, ọmọ Akíndé, ni n ó gba èébú lọ́wọ́ ọmọ àná?" Ìgò nìkan ló mú lọ.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ èébú nílé wọn, n kò mọ̀ pé ajílẹ̀ ni. Mo gba tèmi, mo gba tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi pa irúgbìn, mo sì forin kún un:

Ẹ̀wà ọ̀lẹ, alápámáṣiṣẹ́,
Ewé bolẹ̀, ojú ò tì ọ́;
Òjò ń palẹ̀ mọ́, kí lo rí bí?

Séidou ní ti ahun ni ìdérí kan péré. Gbogbo ìgò ló dà sínú pọ́ǹpù. Ewé rẹ̀ ká kò bí awọ tí iná jó, ewúrẹ́ pàápàá gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Tèmi, tí mo fín ní ìdérí kan péré, ti so kí ọyẹ́ tó dé.

Ó dé, ó fi igbá pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi wá irúgbìn díẹ̀."

"Ọkọ mi, èébú ni mo fi gbìn ín o. Ṣé ẹ ó lè gbà á?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo gbà á."

"Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ò gbọ́."

Ó tún un wí. Mo bu ìkúnwọ́ kan fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè, mo fi ọkọ mi sí ibi tí ẹ̀wà wà.