Ẹni Tó Ń Ka Kéwú Nínú Ìdákẹ́jẹ́

Mi ò ní sùúrù fún aláriwo, ìdí nìyẹn tí mo fi gba yàrá sí GRA, níbi tí ọkọ̀ kò ti pọ̀. Èmi Rodiyah, níbẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tiwọn bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí máìkì, a óò kọ́kọ́ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ ná. Òun la máa ń fi dí ojú ibi tí a bá gé kúrò nínú ohùn.

Nusaybah ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà kì í wo ojú èèyàn, ariwo a sì máa dà á láàmú, àmọ́ etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan, ó yọ héèdífóònù létí.

"Àǹtí, bàbá kan ń ka Yáàsínì nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí."

Mo fi etí sí i bóyá màá gbọ́ súrà Kùránì yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó tún un gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bàbá náà ti kà kọjá ibi tó wà lánàá.

Mo kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ nílé. Bàbá rẹ̀, Alfa Àbdùlkàdírì tó ní ilé kéwú lẹ́bàá Ọjà Tuntun, ti ń gbọ́ tipẹ́ lẹ́nu aráàdúgbò pé àlùjànnú ló ń bá ọmọ rẹ̀ jà. Tó bá gbọ́ èyí, yóò mú un kúrò lọ́dọ̀ mi, yóò sì tì í mọ́lé. Inú máa ń bí mi tí mo bá rò ó. Ibi kan ṣoṣo tí ọmọ yìí ti ń rẹ́rìn-ín nìyí!

Ṣùgbọ́n Nusaybah kò mọ irọ́ pa. Bàbá rẹ̀ bi í ohun tó ń gbọ́ lọ́dọ̀ mi, ó sọ.

Alfa dé láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ mi."

"Alfa, ìdákẹ́jẹ́ lásán ni."

"Ẹ tàn án."

Mo tàn án. Ó fi héèdífóònù bo etí, kò mira. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń kà á tẹ̀lé ẹni tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Wàlláhì, bàbá mi ni. Ibi tí wọ́n ti ń ka Yáàsínì lọ́wọ́ ni ikú ti mú wọn, kí a tó bí ọmọ yìí. Wọn ò parí rẹ̀." Ó nu ojú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀, màá mú ọmọ mi lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn òkú kò gbọdọ̀ pẹ́ níbí."

Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá tan máìkì. Àmọ́ ọjọ́ tí bàbá àgbà náà yóò parí kíkà rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Lánàá, mo bi Nusaybah bóyá ó ṣì kù púpọ̀.

"Ó kù díẹ̀, Àǹtí." Máìkì ló ń wò, kò wò mí. "Mo ti bẹ Bàbá Àgbà pé kí wọ́n má sáré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kà lónìí."