Káàdì Ẹ̀gbọ́n

"Àǹtí, ẹ má fi í sínú kọ̀ǹpútà yín, mo bẹ̀ yín." Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbé káàdì àwòrán náà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. "Pawa páàkì yín kò lè gbé e. Iná ọ̀ọ́dúnrún wáàtì péré ló lè fúnni, káàdì yìí nìkan á sì mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ni ìyókù kọ̀ǹpútà fẹ́ wá mu? Omi?"

Obìnrin ayàwòrán ilé tó ni kọ̀ǹpútà náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi pààrọ̀ pawa páàkì, nígbà náà."

"Ikùn kọ̀ǹpútà yìí kéré jù, èyí tó tóbi kò ní wọlé. Ẹ ra káàdì kékeré. Á máa wọ́ díẹ̀, àmọ́ á ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Obìnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni káàdì náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé tí wọn kò tíì kọ́, títí dórí bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń bà lé ògiri. Nígbà tí dókítà sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ tá kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tú káàdì náà jáde, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé e.

"Kó máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ," ó ní. "Kí iṣẹ́ mi má baà kú."

Ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀bùn rẹ̀ ti tóbi jù?

Nígbà tí ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ, obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ fi káàdì náà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, àwòrán ń jáde wàràwàrà. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́, ó dún pàù! Òórùn wáyà tó jó gba gbogbo yàrá.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe padà wá, ó tú u wò, ó mi orí. "Ó ti ràn mọ́ gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Káàdì náà bá a lọ." Kò sọ pé ṣebí òun wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Kò tíì ti ilẹ̀kùn tán lẹ́yìn rẹ̀ tí fóònù fi dún.

"Àbúrò mi, ṣé káàdì yẹn ń ṣe dáadáa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o."

"Mi ò ríran mọ́, àmọ́ mo ṣì mọ ohùn fáànù ẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́."

Ó wo kọ̀ǹpútà tó la ikùn sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó dìde, ó lọ sídìí fáànù tó wà létí fèrèsé, ó yí i wálẹ̀ títí tó fi ń kùn jẹ́jẹ́, ó sì gbé fóònù sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ń gbọ́ ọ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́tí sí i.

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní. "Má tíì gbé e kúrò. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Ó dúró síbẹ̀, ó fi ìka di imú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀ lórí fóònù.