Wong Méjì, Ẹnu Kan

Àyà Hoi-Ting ń lù débi pé ó dá a lójú pé àwọn ará Manchester ń gbọ́ ọ láti Liverpool níbí. Ọ̀sán gangan ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Keung, tó ní ilé oúnjẹ, gbé agbọ̀n oúnjẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ra oúnjẹ ọjọ́ ìbí ọ̀gá wọn.

"Yé gbọ̀n o," ni Keung wí. "Bí agbọ̀n yìí bá dànù, ẹyẹlé Liverpool á sanra ju màlúù lọ."

Pátákó kékeré kan ni wọ́n wá jí, èyí tí wọ́n kọ orúkọ baba ńlá sí, tí ìdílé máa ń tẹríba fún. Láyé ogun ní Ṣáínà ni wọ́n kó irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìdílé ọkọ Màmá, ìyá bàbá Hoi-Ting àti Keung, lọ. Ìwé tó wà lára àpótí gíláàsì sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: Ìdílé Wong. Wong sì ni orúkọ ìdílé Hoi-Ting.

Ó ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú. Liverpool ni wọ́n bí i sí, kò sì lè ka ìwé Ṣáínà. Ọparun ni Màmá ń pè é: "Oríkèé dí ọ lókè, ó dí ọ nísàlẹ̀. Omi ò gba ibì kankan kọjá. O kì í ṣe ará Ṣáínà, o kì í ṣe òyìnbó." Lónìí, ó fẹ́ kí Màmá pè é lọ́mọ ilé.

Keung ki búrẹ́dì ẹlẹ́ran gbígbóná sí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àpótí náà lẹ́nu. Ẹ̀ṣọ́ ń jó kiri, omijé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún odò Mersey. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ti bàjẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Kí ẹ̀ṣọ́ tó gbé búrẹ́dì náà mì, Hoi-Ting ti fi pátákó sábẹ́ búrẹ́dì tó kù nínú agbọ̀n.

Nílé, Màmá wọ aṣọ tó dára jù, ó kúnlẹ̀. Ó wo pátákó. Ó tún un wò.

"Ta nìyí?"

"Baba ńlá wa ni, Màmá. Wong."

"Wong wo? Wong tiwa ni èyí tó túmọ̀ sí yẹ́lò, ìlà méjìlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́! Ìlà mẹ́rin lèyí, Wong tó túmọ̀ sí ọba. Bàbá bàbá ẹlòmíì lo jí gbé!"

"Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pè é, Màmá," ni Keung wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

"Ìwọ náà, ọparun! Pa ẹnu ẹ dé."

Hoi-Ting jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá bu ìrẹsì, ó gbé e síwájú pátákó, ó fi ọsàn kan tì í.

"Màmá, kì í kúkú ṣe tiwa," ni Hoi-Ting wí.

"Mo mọ̀. Òun náà jìnnà sílé, kò sì sẹ́ni tó ń ka orúkọ rẹ̀ bó ti tọ́. Ta ló fún un lóúnjẹ gbẹ̀yìn? Ẹ máa dá a padà lọ́la. Ìwọ Hoi-Ting, sún mọ́ ibí. Mú pẹ́ńsù."

Wọ́n kọ Wong yẹ́lò títí ọwọ́ Hoi-Ting fi kú. Màmá wò ó. "Ó dà bí akàn tí ọkọ̀ tẹ̀ pa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n akàn tiwa ni. Tún un kọ, ọmọ ilé mi."

Lọ́jọ́ kejì, agbọ̀n oúnjẹ tún wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀ṣọ́ rí Keung, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sá. Hoi-Ting dá pátákó padà, hóró ìrẹsì kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fa pẹ́ńsù yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wong tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ó fa ìlà mẹ́rin ti Wong ọba, jẹ́jẹ́, kí ẹni tó bá ni bàbá náà lè dá a mọ̀ bó bá wá.