Ajá Tó Kọjá Lára Olùkọ́ Rẹ̀

Bí Bramble bá ṣì ń tẹ̀lé Gwen, obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ afinimọ̀nà, bàbá Dilwyn tójú rẹ̀ fọ́ kò ní lè mú un lọ sílé. Láti dán ajá náà wò ni Gwen ṣe dúró lẹ́bàá ilé búrẹ́dì nínú òjò wínníwínní ìlú Bangor, tó panu mọ́, tí kò mira.

Bàbá àti Bramble dé. Bramble ju ìrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rọra darí bàbá gba ẹ̀gbẹ́ Gwen kọjá bí ẹni pé òpó iná ni. Gwen mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Bàbá dúró, ó rẹ́rìn-ín. “Gwen, àpò rẹ ń rùn bíi bisikíìtì ajá!”

“Ẹ máa lọ jàre, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ajá yín mú yín délé.”