Ìdí Tí Tírélà Fi Kún Yáàdì Landover

3.

…nítorí náà, kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ìyẹn ná. A pọ̀ tá a kó tírélà kún yáàdì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni gbogbo wọn ń nàka sí.


1.

Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Fàtáì ni mí. Ọkọ̀ ńlá ni mò ń wà, bésìmẹ́ǹtì kan, yàrá abẹ́ ilé, ní Glenarden ní Maryland ni mò ń gbé, mo sì ti lé lógójì ọdún. Tírélà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe odidi ọkọ̀ bá a ṣe ń pè é nílé. Àpótí gígùn tó wà lẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa awakọ̀ ni kò ní tiwa. Tí mo bá ń jáde ní Maryland, tírélà oníbàárà ni mò ń fà. Tí mo bá ń bọ̀, màá háyà ti kọ́ńpìnnì kan tó ń fi tírélà háyà, níbikíbi tí mo bá wà. Kọ́ńpìnnì yẹn ní ẹ̀ka àti yáàdì káàkiri Amẹ́ríkà, àdéhùn wọn sì sọ pé ẹ̀ka tó bá wù ẹ́ lo lè dá a padà sí.

Tó bá wù ẹ́. Àwọn ló kọ ọ́, èmi kọ́.


2. ÀWỌN Ẹ̀KA, BÍ MO ṢE MỌ̀ WỌ́N

NEW JERSEY. Ẹ̀rọ ló ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹ. Tó bá gbà á tán, á bi ẹ́ bóyá inú ẹ dùn.

PENNSYLVANIA. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Kì í gbójú sókè. Tí wọ́n bá fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, mi ò ní mọ̀.

TENNESSEE. Ajá. Ajá yẹn nìkan ló dá mi mọ̀.

TEXAS. Yáàdì wọn fẹ̀ débi pé mo sọnù nínú ẹ̀ nígbà kan. Kò sẹ́ni tó wá mi.

OHIO. Ẹ̀ka kan ní Columbus. Fèrèsé kan, kọ́tìnì bò ó.

MARYLAND. Landover. Mùlíkàt ló wà ní kọ́ńtà.


4.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kọ́ńtà Landover:

“Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Orúnkún yẹn ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Màmá ńkọ́? Ṣé awò ojú wọn ti dé?”

Ìsẹ́yìn ni màmá mi wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mẹ́nu ba awò ojú yẹn, ìgbà tí òjò ń rọ̀ tí mò ń wá nǹkan sọ.

Bó ṣe ń kí gbogbo awakọ̀ nìyẹn. Ó ń kí Yorùbá, ó ń kí Hausa, ó ń kí ará Jàmáíkà. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ lóyún, á béèrè oyún. Ẹni tó ń bá onílé jà, á béèrè ibi tí ìjà dé. Ọ̀rọ̀ sì máa ń tàn láàárín àwa awakọ̀. Kò pẹ́ tí ẹni tó háyà tírélà ní Georgia fi ń fà á wá sí Landover, tí ẹni tó háyà ní Texas náà ń bọ̀.

Àwọn yòókù ń wá nítorí ìkíni. Èmi ń wá nítorí ẹni tó ń kíni.


5.

[ Mo pa á rẹ́. ]


5, LẸ́Ẹ̀KEJÌ.

Ẹ fojú fo ìlà tó parí nọ́ńbà kẹrin. Kò sí nǹkan kan láàárín wa.


6. ÌKÉDE

*(Felix, ọ̀gá gbogbo ẹ̀ka, ló kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo kọ́ńtà. Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀. Tó bá le jù, ẹ má bá a wí.)*

SÍ GBOGBO Ẹ̀KA.
TÍRÉLÀ TI TÁN NÍ OHIO.
Ó KU DÍẸ̀ KÓ TÁN NÍ PENNSYLVANIA.
NÍ LANDOVER, TÍRÉLÀ TI GBA IBI TÍ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ Ń PÁÀKÌ SÍ.
TA LÓ MỌ ÌDÍ?

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A ka ìwé náà, a mi orí, a tún já tírélà sílẹ̀.


7.

Wọ́n rán oníkọ̀ǹpútà wá. Ó ní ara kọ̀ǹpútà le koko.


8. FELIX FÚNRA Ẹ̀

*(Mi ò sí níbẹ̀. Ameen ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ bíi tèmi ni, ọ̀rẹ́ mi ni, òun sì ni ọkọ Qonitah, ẹ̀gbọ́n Mùlíkàt. Bó ṣe ròyìn ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.)*

Felix fa àga, ó jókòó ti kọ́ńtà láti àárọ̀. Ó ń wò.

FELIX: Kí lò ń bá wọn sọ?

MÙLÍKÀT: Mò ń kí wọn ni, sà.

FELIX: Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?

MÙLÍKÀT: Títí tó fi máa tán.

FELIX: Ṣé a lè fi sínú kọ̀ǹpútà?

Ameen ní Mùlíkàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di kọ́ńtà mú. Felix náà rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, mi ò rẹ́ni bínú sí.


9. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ FELIX SÍ MÙLÍKÀT

“A ti rí ìdí ẹ̀. Ìwọ ni. Ibi tó o bá wà ni tírélà ń lọ, nítorí náà a fẹ́ kó o lọ síbi tí tírélà ò sí. Wá ṣe máníjà fún wa ní Columbus, Ohio. Jọ̀ọ́, fún mi lésì kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀.”


10.

Ohio.

Mo wò ó lórí máàpù. Kò jìnnà.

Mo tún un wò.

Ó jìnnà.


11. FÓÒNÙ

AMEEN: Ìwọ lo kó bá ara ẹ.

FÀTÁÌ: Èmi kẹ̀? Ṣé ìwọ náà kì í dá tírélà padà síbẹ̀ ni?

AMEEN: Bowie ni mò ń gbé. Ọ̀nà ilé mi ni. Ta ló fa tírélà láti Texas wá láì sí nǹkan nínú ẹ̀?

FÀTÁÌ: Nǹkan wà nínú ẹ̀.

AMEEN: Kí ni?

FÀTÁÌ: Àga.

AMEEN: Àga mélòó?

FÀTÁÌ: Ameen, mò ń wakọ̀ lọ́wọ́.

AMEEN: O ti páàkì. Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà nílé epo.


12. OHÙN

*(Qonitah ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: “Fàtáì, gbọ́ ọ. Tó o bá gbọ́ tán, lo orí ẹ.” Mùlíkàt ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.)*

“Sístà mi, ẹ kú ilé. Iṣẹ́ dáadáa ni, mo mọ̀. Màmá ti ń ṣàdúrà lé e. Èmi náà ti ń wo ilé ní Columbus lórí fóònù, kíṣìnì wọn tóbi. Inú mi dùn. Àmọ́, ẹ wò ó, gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń bá mi yọ̀. Gbogbo wọn pátá. Bọ̀ọ̀dá Fàtáì bọ́ fìlà, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi í ṣe oore, wọ́n dé fìlà padà, wọ́n lọ. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé kí n má lọ. Ẹnì kan péré ni mo ń retí. Mo lè má gbà fún un o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.”


13.

Òótọ́ ni. Mo bọ́ fìlà.

Mo tún dé e padà.


14.

Ohun tí mo pa rẹ́ nínú nọ́ńbà karùn-ún rèé: mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn Mùlíkàt láti ọjọ́ awò ojú yẹn, ẹ̀rù ló sì ń bà mí. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ tí kò gbà, ibo ni màá máa dá tírélà padà sí? Ẹ rí irú èrò tó wà lórí àgbàlagbà.


15.

Jímọ̀. Mo kírun. Ìmáàmù sọ̀rọ̀ nípa sùúrù, mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀.

Mo wẹ mọ́tò mi. Mọ́tò kékeré tí mo fi ń lọ ra gààrí. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.


16. GÉÈTÌ YÁÀDÌ

*(Sípíkà wà lára géètì. Gbogbo yáàdì ló ń gbọ́ ohun téèyàn bá sọ sínú ẹ̀. Mo gbàgbé ìyẹn.)*

MÙLÍKÀT: Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá Fàtáì. Nọ́ńbà tírélà yín?

FÀTÁÌ: Kò sí.

MÙLÍKÀT: Kò sí nọ́ńbà?

FÀTÁÌ: Kò sí tírélà.

MÙLÍKÀT: Ẹ wá háyà ni? Alhamdulillahi. Ẹ bá wa kó mẹ́wàá lọ.

FÀTÁÌ: Rárá. Ẹ̀yin ni mo wá bá.



MÙLÍKÀT: Mò ń gbọ́ yín.

FÀTÁÌ: Ẹ má lọ sí Ohio.

*(Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn mi. Ẹnì kan tẹ họ́ọ̀nù, ó sì fi ọwọ́ lé e. Ameen ni.)*

MÙLÍKÀT: Ẹ tún un sọ. Họ́ọ̀nù yẹn ò jẹ́ kí n gbọ́.

*(Ó gbọ́. Gbogbo Landover ló gbọ́.)*

FÀTÁÌ: Mo ní ẹ má lọ. Mo fẹ́ràn yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lọ náà, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ni.

*(Họ́ọ̀nù náà dákẹ́.)*

MÙLÍKÀT: Ṣé ẹ ti jẹun?

FÀTÁÌ: Rárá.

MÙLÍKÀT: Ẹ wọlé. Ẹ má páàkì síbi tí tírélà wà o, ẹ ò ní rọ́nà jáde.

FÀTÁÌ: Ṣé ẹ ti fún Felix lésì?

MÙLÍKÀT: Mo ti kọ ọ́. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.

FÀTÁÌ: Kí lẹ kọ?


17.

Géètì ṣí.