Ta Ló Fẹ́ Pa Dúró-Gbà-Á Rẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo yà á. Àwọn káàdì tó wà lórí tábìlì, ọwọ́ mi ni. Àkùkọ tó ń kọ lára ògiri bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní mọ́ tí kò bá sí òun, ọwọ́ mi náà ni. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lọ́wọ́ sí, ìyẹn orúkọ tó wà lórí pátákó ìta. Ìyàwó mi ló bí i. Òun ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, òun ló ń gba iṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni òun gan-an dá sílẹ̀ níbẹ̀, pátákó yẹn ló máa ń nàka sí. Ó ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní.

Orúkọ ọ̀hún ni Dúró-Gbà-Á.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, fọ́tò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù là ń yà. O wọlé, iná tàn sí ọ lójú, o ṣẹ́jú, a tún un yà, o dúró, o gbà á, ó dàbọ̀. Orúkọ bá iṣẹ́ mu rẹ́gí. Àmọ́ a ti kúrò nídìí fọ́tò tipẹ́. Àmì ilé-iṣẹ́ là ń yà báyìí, pátákó, káàdì, àpò tí wọ́n ń kó ọjà sí, iṣẹ́ tó ń jẹ ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Iṣẹ́ kúrò, orúkọ kò kúrò, àwọn oníbàárà sì gba orúkọ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ. Wọ́n á gbé iṣẹ́ wá láàárọ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn mi, wọ́n á sì máa mí sí mi lọ́rùn.

"Màmá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ yín tó yá."

"Kò burú. Mo ti jókòó."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo wí, Màmá."

"Kí lẹ kọ síta? Ṣé kì í ṣe Dúró-Gbà-Á ni? Èmi ti dúró ní tèmi. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí." Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá. "Ẹ̀yin, kí ló dé tí ẹ fi pupa síbẹ̀ yẹn?"

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọdún gorí ọdún ni mo fi ń bẹ ìyàwó mi pé ká yí orúkọ yìí padà. Èsì kan náà ló ń fún mi: "Tó o bá fẹ́ yí orúkọ ọmọ mi padà, kọ́kọ́ lọ yí ìyá rẹ̀ padà." Ọ̀rọ̀ á bùṣe.

Àfìgbà tí dókítà eyín wọlé.

Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, aṣọ rẹ̀ kò rún, bàtà rẹ̀ kò dún. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú eyín mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni òun sì ń gbé kiri, láti orí pátákó títí dé orí páálí búrọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ iṣẹ́ wa wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Mo ti ń wú bí búrẹ́dì nínú ààrò.

"Ọwọ́ yín dára," ni ó wí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́. Kìkì pé..." Ó yíjú síta, ó wo pátákó wa bí ó ṣe máa ń wo eyín tó ti jẹrà. "Dúró-Gbà-Á! Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú àwọn èèyàn mi kí n sọ pé Dúró-Gbà-Á ló ya tiwa? Wọ́n á ní ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti rà á. Ẹ wá orúkọ gidi. Tí mo bá fi máa dé lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹ ti rí i, iṣẹ́ di tiyín."

"Orúkọ tiyín ńkọ́, Dókítà?" ni ìyàwó mi béèrè. "Kí la máa kọ sórí pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Dókítà mí kanlẹ̀. "A ṣì ń jà lórí ìyẹn. Ọ̀kan ní Eyín Funfun, ọ̀kan ní Ẹ̀rín Ẹ̀yẹ, ọ̀kan ti dáwọ́ kíkí wa dúró. Ẹ wá tiyín ná."

Bó ṣe jáde, mo ká apá aṣọ mi sókè. Ogun ti dé, mo sì ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi jà.

"A óò yí i padà," ni ìyàwó mi wí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ di òfo. "Kí lo wí?"

"Ilé ìtọ́jú mẹ́ta kì í ṣe eré. A óò yí i."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Àmọ́ nígbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a níta, ó na ara dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ó ń fi àkísà nu ìsàlẹ̀ pátákó náà. Kò sí eruku lára rẹ̀.

Ìyẹn ló bà mí jẹ́. A ò tíì pẹ́ ní ilé ìdáná tí mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Kí ló tiẹ̀ burú nínú Dúró-Gbà-Á?"

Ó yí padà bìrí, ọmọrogùn lọ́wọ́. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ tó o ti ń bá a jà látọjọ́ tó ti wà?"

"Mò ń bá a jà ni. Mi ò ní kí wọ́n pa á."

"O ní kò jẹ́ kó o ráyè mí!"

"Orúkọ tó ń fún ni lọ́rùn, orúkọ tó lágbára nìyẹn!"

Bí a ṣe ń jà nìyẹn, òun ń fi ọ̀rọ̀ tèmi lù mí, èmi ń fi tirẹ̀ gbà á padà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì kíyè sí i pé a ti pààrọ̀ ìhà. Ó wá gbé ọmọrogùn kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi, olówó orí mi," ni ó wí.

Kíláàsì kan náà la jọ wà, "ìwọ" la máa ń pe ara wa. Tí ìyàwó mi bá ti ń pè mí ní "ẹ" nínú ilé ìdáná, kí n yáa wá ibi jókòó sí. Mo jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ń yà á. Tí orúkọ yẹn bá lọ, kí lèmi ṣe níbẹ̀? Ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé ẹ jókòó ná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti rò ó. Ẹ lọ wá orúkọ gidi, ẹ jẹ́ ká gba iṣẹ́."

Mo bá lọ wá orúkọ. Mo wá a dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́, torí ojú ń tì mí. Ohun tí mo rí ni Ìmísí Ọlọ́lá. Mo fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ ọ́, àwọ̀ eérú, mo fa ìlà kan gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀. Mo jìnnà sí i, mo wò ó. Ara mi bù máṣọ.

Ó wá ku ògiri. Ohun tó bá jáde lọ́wọ́ mi, a kì í fún oníbàárà tààrà. A ó kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó kọjú sí bẹ́ǹṣì, a ò ní sọ ti ẹni tó jẹ́, a ó kàn máa fetí sí ohun tí àwọn tó ń dúró bá ń sọ. Ìyàwó mi ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé mo ti sọ pé ohun kan ṣoṣo ni mi ò lọ́wọ́ sí. Ẹ ka ògiri mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Màmá Aránṣọ ń dúró de àmì tó fẹ́ máa rán mọ́ ọrùn aṣọ. Ọ̀gá Tíṣà kò dúró de nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé, wọ́n ní ilé àwọn dákẹ́ jù, iṣẹ́ wọn sì ti yá látìgbà ìwáṣẹ̀. Mo lẹ Ìmísí Ọlọ́lá mọ́ ògiri, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ta ló kú?" ni Màmá Aránṣọ béèrè.

"Wọ́n ò kọ ọjọ́ ìsìnkú síbẹ̀," ni Ọ̀gá Tíṣà wí. "Bóyá àwọn tó ń kan pósí ni."

"Rárá o, ìpara ni. Èyí tó wọ́n, tí kì í ràn mọ́ ara."

"Bọ̀dá Ayàwòrán, ta ló ni iṣẹ́ yìí?" ni Ọ̀gá Tíṣà bi mí.

"Oníbàárà kan ni, sà," ni mo wí. Etí mi gbóná.

"Ẹ bá wa kí i kú ìnáwó."

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà eyín wọlé. Ìyàwó mi kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń sọ fún gbogbo ayé lọ: "Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ẹ jókòó ná." Màmá Aránṣọ sún fún un. Kí n tó lè fi ara bo ògiri, Dókítà ti gbójú sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà wí tiyín," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ọ̀fẹ́ ni."

Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ọmọlúàbí. Àmọ́ bẹ́ǹṣì yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe é. "Ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀," ni ó wí níkẹyìn. "Mo mọ irú wọn. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ti jẹrà lẹ́yìn níbẹ̀. Ti ta ni?"

 Ìyàwó mi ló dáhùn.

"Tiwa ni, Dókítà. Orúkọ gidi tí ẹ ní ká wá."

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Tíṣà dìde dúró bí ẹni tó bá akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọgbà. "Ta ló fẹ́ pa Dúró-Gbà-Á rẹ́?"

"Ọ̀gá, irọ́ ni orúkọ yẹn," ni Dókítà wí. "Ta ló dúró níbí tó gbà á rí?"

"Ẹ ṣeun!" ni Màmá Aránṣọ kígbe. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró!" Lẹ́yìn náà ló rántí ìhà tí òun wà, ó bá wúkọ́.

Ìyàwó mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì. Ó já bébà mi kúrò lára ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì gba bírò ńlá lọ́wọ́ mi. "Òótọ́ ni Dókítà sọ. Tó bá jẹ́ òótọ́ là ń wá, èyí tí à ń sọ níbí láti àárọ̀ dalẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ." Ó kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà kan ń ti èkejì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. *Jókòó Ná.* "Ẹ gbé ìyẹn síta. Ó tán."

Bẹ́ǹṣì wò ó. Mo dúró de èébú. Èébú kò wá. Àfi Màmá Aránṣọ tó tú bàtà rẹ̀, tó na ẹsẹ̀.

Dókítà nìkan ló dìde. "Jókòó Ná," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, èjìká wọn á wálẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Mo fẹ́ ẹ."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Orúkọ yẹn. Fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó máa bá a jà."

"Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ni, Dókítà," ni mo wí.

"Ẹ̀yin ṣebí ẹ ní orúkọ." Ó nàka síta.

"Èyí tí ẹ ní ká pa rẹ́?"

"Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́?" Ó sì wo yàrá yíká, ó ń wá onítọ̀hún.

Ìyàwó mi ká apá pọ̀ sáyà. Mo mọ ìdúró yẹn, èmi ló máa ń dúró bẹ́ẹ̀ sí. "Ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n lábẹ́ pátákó kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ pé Dúró-Gbà-Á ló sọ ọ́ lórúkọ, Dúró-Gbà-Á ló yà á."

Dókítà fi ìka méjì wọn bí ó ṣe máa kéré tó. "Lẹ́tà kékeré."

"Lẹ́tà tí ojú ń rí."

"Tí ojú ń rí láti títì," ni Ọ̀gá Tíṣà fi kún un, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Dókítà ká bébà náà, ó fi há abíyá, ó jáde. Ọ̀gá Tíṣà lu itan. "Ẹ wò ó! Ó dúró, ó sì gbà á!"

"Èmi ńkọ́?" ni Màmá Aránṣọ wí.

Mo sá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi lọ́rùn. Mo yọ pupa tó wà lára àmì rẹ̀ kúrò kó tó la ẹnu. Ẹ ka bẹ́ǹṣì náà mọ́ ọn, torí ìyàwó mi ló gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó mú àkísà. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé àga jáde kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé òkè.

"Dì í mú dáadáa."

"Mo dì í mú."

"Ìwọ tó o fẹ́ pa á rẹ́ yìí."

"Ta ló fẹ́ pa á rẹ́?" ni mo wí, mo sì wo títì sókè, mo wò ó sísàlẹ̀, mi ò rí onítọ̀hún.